Fóòmù Tó Gba Oorun Lójú Aláago

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ ní oṣù tó kọjá, orí ni wọ́n fi rù ú wọlé. Ọkùnrin méjì ló gbé fóòmù náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, Bàbá Aláago tó ń tún aago ṣe sì ń tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sin òkú lọ sí itẹ́. Ìyá Onífóòmù ti dé ṣáájú wọn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ki fóònù bọ abẹ́ itan, ó sì ń wo fóòmù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Kò sẹ́ni tí kò mọ obìnrin yìí ní òpópónà náà. Láàárín ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ àti ti ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni tirẹ̀ wà, àtàárọ̀ ni èèyàn sì máa ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un, òun ló ń gé fóòmù, òun ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi aṣọ bò ó, tó sì ń rán etí rẹ̀ po. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé fóòmù lọ.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ kò ju pé ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a ṣí ojúewé kan fún ṣọ́ọ̀bù náà lórí fóònù, níbi tí gbogbo oníbàárà ti lè sọ tẹnu wọn. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn á fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ẹni tí inú bá ń bí á fún un ní ẹyọ kan. Ìyá Onífóòmù kò kọ́kọ́ ka nǹkan ọ̀hún sí. Àmọ́ nígbà tí ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, tí àwọn èèyàn ń kọ ọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dára, pé ẹ̀yìn tó ti ń dun àwọn láti ọjọ́ pípẹ́ ti fi àwọn sílẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá bí ọmọ-ọmọ fún un ló ń rí lára rẹ̀. Á kà á fún alágbàfọ̀. Á kà á fún ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Oníbàárà tó bá sì wọlé lásìkò tó ń kà á lọ́wọ́, àfi kó dúró dè é kó kà á tán.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló wá ṣí fóònù, tó bá ìràwọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, tó dá dúró síbẹ̀ bí eyín ẹnu arúgbó. Aláago ló fún un. Ìyá Onífóòmù ka ohun tí ọkùnrin náà kọ sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbé oúnjẹ àárọ̀ tì. Ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjèèjì jókòó ti fóònù, wọ́n fèsì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń bá wọn rẹ́rìn-ín lórí fóònù fi di àìmọye. Àmọ́ àwọn tó ń wọlé wá ra fóòmù wá di ẹni tí wọ́n ń fi ojú wá. Tọkọtìyàwó kan tó ti ní kó bá àwọn ṣe èyí tó fẹ̀ dáadáa ránṣẹ́ sí i pé kó má ṣe é mọ́. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn. Wọ́n ní bí oorun bá kọ̀ tí kò kun àwọn lọ́jọ́ kan, kò ní pẹ́ tí gbogbo ayé á fi gbọ́ ìdí rẹ̀. Ìyá Onífóòmù bínú sí Aláago ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aláago náà ń bínú sí i. Òun ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀.

Yàrá àlejò Baálẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́. Fáànù ń yí lókè bí ẹni tí wọ́n fi tipá rán níṣẹ́, àwọn olóyè sì jókòó yí ká. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ sanra, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí Aláago sọ tẹnu rẹ̀.

"Baba, ọ̀rọ̀ oorun mi ni mo bá wá," Aláago wí. "Wọ́n ti jí i."

"Ta ló jí i?"

"Ìyá tó jókòó ti fèrèsé yẹn ni."

"Ṣé wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Inú fóòmù yìí ló wà, Baba. Mo ti wá a tì."

Aláago ṣàlàyé pé iṣẹ́ aago, iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ni. Fóòmù òun àtijọ́ ti pẹlẹbẹ bí búrẹ́dì tí wọ́n jókòó lé, ìdí nìyẹn tóun fi lọ ra tuntun. Ìgbà àkọ́kọ́ tóun fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí rẹ̀ lòun ti mọ̀ pé ohun kan ń dìde bá òun láti ìsàlẹ̀. Òun sún síhìn-ín, ó tẹ̀ lé òun. Òun sún sọ́hùn-ún, ìyàwó òun tì òun padà.

"Mi ò bú ẹnikẹ́ni, Baba. Mo kàn kọ ọ́ pé fóòmù náà kò dára, pé bí ẹni sùn lórí ebè ló rí. Ohun tí ẹ̀yìn mi rí ni mo kọ."

"Kí ló wá fi dá ọ lóhùn?"

Aláago na fóònù sí Olóyè Akọ̀wé, ẹni tó máa ń bá ààfin ka ohun gbogbo. Olóyè Akọ̀wé gbé gíláàsì wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń ka ìkéde pé omi ò ní yọ lọ́la.

"'ÌWỌ Aláago...'" Ó dúró, ó bọ́ gíláàsì. "Baba, 'ìwọ' ló kọ o. Lẹ́tà gàdàgbà ló sì fi kọ ọ́."

Gbogbo wọn wo irùngbọ̀n funfun tó wà lágbọ̀n Aláago, wọ́n sì mí kanlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olóyè, ẹni tí inú rẹ̀ rọ̀, béèrè bóyá fóònù ló fúnra rẹ̀ yí "ẹ̀yin" padà di "ìwọ", nítorí tòun náà máa ń ṣe irú rẹ̀. Ìyá Onífóòmù rí i pé wọ́n ń ju okùn sí òun nínú kànga. Kò mú un.

"Fóònù kọ́," ó ní. "Èmi ni."

Olóyè Akọ̀wé dá gíláàsì padà sójú.

"'ÌWỌ Aláago, fóòmù mi kọ́ ló gba oorun lójú rẹ. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ ni. Ẹni tó ń yọ ìfun aago tó dáa sínú èyí tó ti kú, ṣé ó yẹ kó sùn? Dìde lórí fóòmù mi, kó o lọ tọrọ àforíjì.' Ó parí síbẹ̀, Baba. Ó wá fi iná mẹ́ta sí i, àti orí kan tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀."

"Orí ta ni?"

"Kò dárúkọ ẹni tó ni ín."

Ibẹ̀ ni ohùn Aláago ti yí padà. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó gbé aago sọ́dọ̀ òun ti ń wá kó o padà, èyí tóun tún ṣe àti èyí tóun ò tíì ṣí. Àwọn tó kù ń dúró lé òun lórí bóun bá ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní í ṣẹ́jú. Ọkùnrin kan tilẹ̀ fi ọ̀dà èékánná ìyàwó rẹ̀ kun gbogbo irin wẹ́wẹ́ inú aago rẹ̀ kó tó gbé e wá, kó lè mọ̀ bí òun bá pààrọ̀ rẹ̀. Àtikékeré lòun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò pe òun lólè rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Onífóòmù díẹ̀. Ó tì í dànù kíá. Nígbà tí Baálẹ̀ yíjú sí i, ó kúnlẹ̀, ó sì wá gbogbo ọ̀rọ̀ tútù tó ti ń fi kọ́ra bọ̀ lójú ọ̀nà tì.

"Baba, tí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, tó ń pariwo pé ọbẹ̀ yín ò dùn, ṣé ẹ máa dákẹ́?"

"Màá tọ́ ọ wò."

Kò múra sílẹ̀ fún irú èsì bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ò dúró dè é ṣá. Ó ní òun kò bú ọkùnrin náà rárá, ìtọ́jú lòun fún un. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn, ṣé kò yẹ kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe é fún un ni? Ká ní dókítà ló lọ bá, á gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ọ̀fẹ́ lòun ṣe tòun.

"'Ìwọ' yẹn ńkọ́?" Baálẹ̀ bi í. "Òun náà wà lára oògùn?"

"Baba, tá a bá ń gbàdúrà, 'Ìwọ' là ń pe Ọlọ́run. Ṣé Bàbá Aláago wá ju Ọlọ́run lọ ni?"

Àwọn olóyè wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tí inú rẹ̀ rọ̀ mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní ìdí. Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọlọ́run kò ra fóòmù lọ́wọ́ rẹ. Jókòó. Ẹ pe ẹlẹ́rìí wá."

Ìyàwó Aláago ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Wọ́n bi í pé ṣé òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ kì í sùn. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó ní àgbàlagbà kì í purọ́ níwájú àgbà.

"Ó ń sùn, Baba. Ó ń hanrun débi pé àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń lu ara wọn."

Ọkàn Ìyá Onífóòmù rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó yọ fóònù lábẹ́ itan bí ẹni tó fẹ́ ròyìn ìṣẹ́gun fún ayé. Àmọ́ ìyá ìyàwó Aláago, tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn, ti na ọwọ́ sókè, kò sì dúró kí wọ́n pe òun.

"Ẹ má dá ọmọ mi lóhùn o. Ọkọ rẹ̀ kì í sùn. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á lọ, á bọ̀, á tún fi ara le àga ní pálọ̀. Èmi náà ò sùn mọ́ nítorí rẹ̀."

"Ìyá, bó bá ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀," Baálẹ̀ rọra béèrè, "ta ló wá ń hanrun?"

"Ìyẹn náà ń yà mí lẹ́nu. Èmi náà máa ń gbọ́ ọ. Nígbà míì, àfi bíi pé inú yàrá mi gan-an ló ti ń wá."

Olóyè Akọ̀wé yára nu gíláàsì rẹ̀. Wọ́n wo Aláago, Aláago wo àjà. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin wo ló máa dúró ní gbangba sọ pé ìyá ìyàwó òun ń hanrun?

Ẹlẹ́rìí Ìyá Onífóòmù kò ju ẹyọ kan lọ, àbúrò rẹ̀ ni. Òun ló gbìyànjú láti fi ìràwọ̀ bo ìràwọ̀. Lọ́jọ́ tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀, ó pe gbogbo mọ̀lẹ́bí, kálukú sì kọ márùn-ún márùn-ún. Tirẹ̀ gùn jù lọ. Ó kọ ọ́ pé bóun bá ti fẹ̀yìn lé fóòmù ẹ̀gbọ́n òun, bíi pé àwọsánmà gbé òun mọ́ra ni. Baálẹ̀ ní kó sún mọ́ iwájú.

"Fóòmù yìí, ṣé ò ń sùn lórí irú rẹ̀?"

"Tèmi, Baba?"

"Tìrẹ."

"Baba, ẹ̀yìn máa ń dùn mí lórí nǹkan rírọ̀. Orí ẹní ni mò ń sùn."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Ìyá Onífóòmù fi ọwọ́ bojú. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fóòmù tóun fún un nígbà ìgbéyàwó, ibo ló wà nígbà náà? Kò béèrè. Baálẹ̀ ti dìde lórí àga, ó ti ṣí fìlà, ó sì ní kí wọ́n tẹ́ fóòmù náà sí àárín yàrá. Ó ní ẹ̀yìn Aláago ti jẹ́rìí, ẹnu gbogbo èèyàn ti jẹ́rìí, ó ku ẹ̀yìn ààfin.

Ó dùbúlẹ̀. Ó sún sí ọ̀tún, ó sún sí òsì. Àwọn olóyè na ọrùn.

"Ebè wà níbí," ó wí.

Ìyá Onífóòmù dìde. Ó fẹ́ sọ pé kò lè ṣeé ṣe. Ó kúnlẹ̀ ti fóòmù náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti orí dé ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró láàárín méjì. Ọwọ́ kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣe fóòmù yìí, èyí tí wọ́n kó wá fún un kò gùn tó, ó sì fi gọ́ọ̀mù so méjì pọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ìsàlẹ̀ ni ojú ìsopọ̀ máa ń wà, ojú tó tẹ́jú á sì wà lókè. Oníbàárà tí kò bá mọ̀ ló lè dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá rà á.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀ fún mi."

Ó gbá fóòmù náà mú, ó yí i padà, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Baba padà sùn. Baálẹ̀ padà dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà bí ojú ẹni tí wọ́n sọ ìròyìn ayọ̀ fún.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí..." ó bẹ̀rẹ̀. Kò parí rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìhanrun fi kún yàrá, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ta ló máa jí Baálẹ̀? Olóyè Akọ̀wé fi ìka lé ètè. Wọ́n jókòó. Aláago àti Ìyá Onífóòmù wá bá ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ fóòmù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ikùn Baálẹ̀ láàárín wọn, wọn ò sì lè pariwo.

"Mo bi yín léèrè lọ́jọ́ yẹn," Aláago sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ní èwo lòkè, èwo nìsàlẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín sí fóònù."

Ìyá Onífóòmù rántí. Ẹnì kan ti fún un ní márùn-ún lọ́jọ́ yẹn, ó kọ ọ́ pé ó tọ́jú òun bí ìyá tó bí òun lọ́mọ. Ó ń kà á lákàtúnkà bí wọ́n ṣe ń di fóòmù Aláago mọ́ orí ọkọ̀, ó sì ju ọwọ́ sí i pé ó dàbọ̀ láì gbé ojú sókè.

"Ẹ ò padà wá bi mí," òun náà sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo rò pé tẹ́ ẹ bá ka ohun tí mo kọ, ẹ máa pè mí."

"Mo kà á."

"Ẹ ò pè."

Ó wo ojú ọkùnrin náà. Láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, orí fóònù ló ti ń bá a jà. Kò tíì sún mọ́ ọn tó báyìí. Abẹ́ ojú rẹ̀ wú, ó dúdú, ọwọ́ tó fi ń mú irin tó kéré ju ẹyin èèrà lọ sì ń gbọ̀n lórí orúnkún rẹ̀. Ẹni tí kò sùn ni lóòótọ́.

"Mi ò pè," ó ní. "Ẹ má bínú, Bàbá."

Ká ní ó lè pariwo ni, bóyá kì bá sọ ọ́.

"Ti aago tẹ́ ẹ ní mò ń jí ìfun rẹ̀ ńkọ́?"

"Irọ́ ni. Mo kàn wá ohun tó máa dùn yín bó ṣe dùn mí ni."

"Ó dùn mí."

"Mo ti rí i."

Baálẹ̀ jí. Ó wò yí ká, ó dìde jókòó, ó wá fìlà rẹ̀.

"Mò ń ro ẹjọ́ náà ni," ó ní.

"A gbọ́ ọ, Baba," Olóyè Akọ̀wé dáhùn. "A gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń rò ó."

Baálẹ̀ kò kúrò lórí fóòmù. Ibẹ̀ ló jókòó sí tó fi dá ẹjọ́ náà.

"Ọ̀rọ̀ yìí, kò gbà ju kí wọ́n yí fóòmù padà lọ. Ẹ̀yin méjèèjì wá ń yí ìlú padà dípò rẹ̀. Ìyá Onífóòmù, ẹni tó kọ ọ́ pé ọjà rẹ ò dára, oore ló ṣe ọ́. Ẹni tó dákẹ́, tó lọ rà á níbòmíì, ìwọ ò ní mọ̀ láé. Láti òní lọ, ẹsẹ̀ rẹ ni kó máa kọ́kọ́ fèsì. Ohun tí ìka rẹ máa kọ ò gbọdọ̀ ju 'Ẹ má bínú, mò ń bọ̀' lọ, kó o sì lọ lóòótọ́. Èyí tó o kọ sí Aláago, má pa á rẹ́. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irọ́ lo pa, kí ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ lè ka èkejì. Fi 'ẹ̀yin' kọ ọ́. Lẹ́tà gàdàgbà."

Ó kan àbúrò. Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹṣọ́ tẹ̀ lé e délé, kó gba ẹní rẹ̀ wá sí ààfin. Orí fóòmù ló máa sùn títí á fi lè búra sí gbogbo ohun tó kọ nípa àwọsánmà. Bí ẹ̀yìn bá dùn ún, kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Àbúrò ń bẹ̀bẹ̀, ẹṣọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn dè é.

Aláago rò pé òun ti jàre tán, ó ti ń palẹ̀ mọ́. Baálẹ̀ ní kó dúró.

"Ìwọ náà, ilé rẹ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà. O mọ ọ̀nà fóònù, o ò mọ ọ̀nà ẹsẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ̀yìn rẹ ti mọ ebè tó báyìí, tó o bá ti pa iṣẹ́ aago tì lọ́sàn-án, lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fóòmù kankan ò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ tí ìwọ ò bá tíì dùbúlẹ̀ lé e. Ohun tó o bá rí, etí rẹ̀ ni kó o sọ ọ́ sí."

"Baba, títí di ìgbà wo?"

"Títí o ó fi sùn."

Ó ní ní ti ìhanrun tí wọ́n mẹ́nu bà, ààfin kò gbọ́ nǹkan kan, kí ìyá ìyàwó Aláago máa lọ sílé ní àlàáfíà. Kí Ìyá Onífóòmù ṣe fóòmù mìíràn fún Aláago, kó má ní ìsopọ̀. Èyí tí wọ́n gbé wá, ẹ̀rí ni, ẹ̀rí kì í sì í kúrò ní ààfin. Olóyè tí inú rẹ̀ rọ̀ fẹ́ béèrè títí di ìgbà wo ni ẹ̀rí máa fi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ti padà dùbúlẹ̀.

Bí Ìyá Onífóòmù ṣe délé ló kọ ọ́. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún kọ. Ó nira fún un ju rírán etí fóòmù lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n tọkọtìyàwó tó sá lọ padà wá, wọ́n ní ẹni tó lè sọ pé òun purọ́ níwájú gbogbo ayé, ó ṣeé ṣe kí fóòmù rẹ̀ má purọ́. Aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà sórí tábìlì Aláago díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀dà èékánná kun tirẹ̀ gbé òmíràn wá, kò sì kun nǹkan kan.

Aláago ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Á bọ́ bàtà, á dùbúlẹ̀, á pa ojú dé, Ìyá Onífóòmù á sì dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Á ní etí ibí yìí le. Á ní ojú rírán yìí ń họ òun lẹ́sẹ̀. Ohun tó ń dun obìnrin náà jù ni pé òótọ́ ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń tú u, ó ń tún un rán, kò sì bú ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé òun máa ń gbọ́ tó ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà bá lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣe fóòmù kan fún nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó fi gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Aláago dùbúlẹ̀ lé e, ó pa ojú dé. Ìyá Onífóòmù dúró kó sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti là, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo oorun tí ọkùnrin yìí ti pàdánù ló wá bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà pa ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé wá gbé fóòmù rẹ̀, ó rọra ní kó padà wá tó bá yá.

Kò tíì ti ilẹ̀kùn lálẹ́ tí fóònù fi dún. Nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo sanwó fóòmù, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá bàbá kan lórí rẹ̀ tó ń sùn. Wọ́n ní kí n má pariwo. Mi ò rí irú èyí rí láyé mi." Ìràwọ̀ méjì.

Ìyá Onífóòmù kà á. Ara rẹ̀ gbóná láti ẹsẹ̀ dé orí. Àwọn ọ̀rọ̀ dídùn kan tò sẹ́nu rẹ̀, wọ́n dára, wọn ì bá pa ayé lẹ́rìn-ín. Ó gbé wọn mì. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ má bínú, mò ń bọ̀," ó di fóòmù náà mọ́ orí ọkọ̀, ó sì tẹ̀ lé e lọ.

Nọ́ọ̀sì ti ka ohun tí Ìyá Onífóòmù kọ sí Aláago nígbà kan. Nígbà tó rí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, díẹ̀ ló ṣí i, ó fi ẹsẹ̀ dè é lẹ́yìn.

"Ẹ má bẹ̀rù," Ìyá Onífóòmù wí. "Fóòmù Màmá ni mo gbé wá, ẹ jẹ́ kí n fi ibi tó jẹ́ òkè hàn yín. Bàbá yẹn ti jí. Ó ní kí n sọ fún yín pé ó dára."